Má Tẹ̀ Ẹ́ Mọ́lẹ̀: Láti Ewé Ìpín dé Ẹ̀rọ Ìdánkọ̀ ní Festac

Ẹni tó bá ti fi ewé ìpín fọ ìdí ìkòkò rí kò ní gbàgbé bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Tí ẹ bá wò ó lórí igi, ewé bí ewé ni. Ìgbà tí ọwọ́ bá kàn án lẹ ó tó mọ̀ pé eyín wà lára rẹ̀, bí ahọ́n ológbò. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi àgbà ni igi ìpín tiwọn wà. Bí èéfín bá ti mú ìkòkò dúdú, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ já a wá, èmi náà ni mo sì máa jókòó ti ìkòkò. Mo máa ń fẹ́ kó tètè tán kí n lè lọ ṣeré, torí náà gbogbo agbára ni mo fi máa ń tẹ ewé mọ́ ìkòkò. Ewé á rún sí mi lọ́wọ́, ìka á bó, ìkòkò kò sì ní mọ́. Ìyá àgbà á tún sọ ohun tí wọ́n sọ lánàá: "Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí ewé ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Àwọn agbẹ́gilére mọ ìpín dáadáa. Òun ni sáńpépà wọn kí sáńpépà tó dé. Lọ́dún 1947, Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Ọ̀sì, ń gbẹ́gi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Lọ́wọ́ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ìpele mẹ́rin ni igi ń là kọjá kó tó di ère. Ọ̀nà lílé ni wọ́n fi ń gé igi sí orí, àyà àti ẹsẹ̀. Àlètúnlé ni wọ́n fi ń yọ etí, ojú àti ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí fínfín tó wá dé, tí ṣóńṣó ọ̀bẹ á fi ilà àti irun sí i. Ẹ kíyè sí i pé dídán ní orúkọ tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni lójú wọn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré ṣe kí oníbàárà tó dé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ jẹ́ ká lọ sí Festac, ní Èkó.

Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ló bí ìlú wa yìí. Ojú Ayaba Ìdíà ti Bìní tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ni àmì àjọ̀dún náà, ère gan-an sì wà ní British Museum nílùú London, tí wọn kò gbà kó wá sílé fún ayẹyẹ tí wọ́n fi í ṣe àmì rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Iṣẹ́ ọnà ló fún Festac lórúkọ, àmọ́ ohun tó pọ̀ jù lójú títì wa lónìí ni ọkọ̀. Èbúté Tin Can tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọlé kò jìnnà sí wa. Ọjà ASPAMDA tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà ní Trade Fair. Títì Badagry tó kọjá níwájú wa ló lọ bá Sèmè àti Kútọnu. Tí ẹ bá sì gba ọ̀nà yẹn síwájú díẹ̀, ẹ ó kan ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Volkswagen títí dòní, nítorí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá níbẹ̀ ní 1975.

Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ lọ dúró nídìí ọkọ̀ dúdú kan ní 5th Avenue tàbí ní Amuwo, nígbà tí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀. Ẹ má wo ọkọ̀ náà látòkèèrè. Ẹ wo ibi tí oòrùn ti tàn sí ara bọ́nẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́. Ẹ ó rí òwú aláǹtakùn níbẹ̀, òbírípo lórí òbírípo, tó yí ìmọ́lẹ̀ yẹn ká. Tí ẹ bá sún sọ́tùn-ún, òwú aláǹtakùn náà á bá yín sún. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ ya òbírípo sí ọkọ̀. Ilà tín-ín-tìn-tín ló kún ibẹ̀, àwọn kan dúró, àwọn kan dùbúlẹ̀, àwọn kan dà gbọ̀ọ̀rọ̀. Èyí tó bá dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọ mọ̀nà, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé wọ́n yí oòrùn ká.

Ibi tí ilà ti ń wá ò ṣòroó mọ̀. Mo dúró wo ọmọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fóòmù tó já lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló mú, ó rì í sínú ọṣẹ ìfọṣọ, ó fi fọ táyà, ó fi fọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀, ó bọ̀ ọ́ sínú bàkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó sì gbé e gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo iyanrìn Mile 2 tó wà lára táyà bá a gòkè. Ó wá ń fi agbára yí fóòmù náà bí mo ṣe ń ṣe ìkòkò nígbà yẹn. N kò dá a lẹ́bi, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àmọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpín ni. Ìkòkò irin sì yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Ìyàtọ̀ náà rèé. Lórí irin ọkọ̀, práímà ló kọ́kọ́ wà. Ọ̀dà tó ní àwọ̀ ló tẹ̀ lé e. Lókè pátápátá ni ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ rárá, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí àwọn akunkọ̀ ń pè ní kílíà. Òun ló ń dán tí a fi ń rí ojú wa lára ọkọ̀, òun náà ló ń gba oòrùn sára kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ má baà ṣá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò ní i. Bàbá tó ní ìjàpá pupa nígbà náà, tó bá fi pọ́líìṣì nù ún láàárọ̀ Sọ́ńdè, àkísà ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n, nítorí àwọ̀ gan-an ló ń bó. Tòde òní kì í pọ́n, àkísà á funfun kalẹ̀, ìyẹn ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ pé kò sí ohun tó ń kúrò lára ọkọ̀.

Ó ń kúrò o. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí 40 sí 60 nínú rẹ̀ ni kílíà máa ń nípọn nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé iṣẹ́. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 70. Ìyẹn ni pé ohun tó ń dán lára ọkọ̀ olówó iyebíye tín-ín-rín ju irun kan ṣoṣo lọ. Tí wọ́n bá wá sọ pé àwọn fẹ́ "yọ" ilà kúrò lára rẹ̀, a ò lè yọ ilà. Kòtò ni ilà. Ẹ wo títì tí kòtò pọ̀ sí, tí wọ́n ní àwọn ò ní di kòtò kankan, pé ńṣe làwọn máa ha gbogbo ọ̀dà títì wálẹ̀ títí tí ojú títì á fi bá ìsàlẹ̀ kòtò dọ́gba. Bí ẹ̀rọ ìdánkọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ á ha ìwọ̀n díẹ̀ kéré, á sì fi àwọn ilà tó jìn jù sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á lé gbogbo ilà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, oòrùn Èkó á bá kílíà tó ti tín-ín-rín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó lórí òrùlé ọkọ̀ bí awọ ejò. Ẹ ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀ lórí títì Apapa-Oshodi.

Ìdí nìyí tí irú ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ṣe é fi ṣe pàtàkì, tí mo sì fi ń da yín láàmú lórí ọ̀rọ̀ tó dà bíi ti mẹ́káníìkì.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn akunkọ̀ wa ni ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan. Ẹ rò ó bí ẹ̀rọ ata: àárín kan ló ní, ó ń yí, ó ń yí, kò lọ síbì kankan. Makita 9227C láti Japan jẹ́ ọ̀kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ó wúwo tó kílò mẹ́ta, ó sì lè yí dé ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àárín irun àgùntàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn, etí rẹ̀ ló ń sáré, torí náà etí ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bá wà lábẹ́ etí yẹn, ibì kan náà ló ń gbà kọjá nígbà gbogbo, ooru sì ń pọ̀ sí i.

Mo mọ ooru yẹn. Mo gbé Corolla mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí wọ́n júwe fún mi, àwọ̀ dúdú ni ọkọ̀ náà. Ó bu kọ́ḿpáǹdì, ìyẹn ohun èlò oníhoro tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀, sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan ẹ̀rọ, ó sì fi ara tì í. Àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì ń dán bí omi inú àwo, inú mi sì dùn. Nígbà tó dé etí, níbi tí irin ti tẹ̀ kọrọ, mo gbọ́ òórùn kan bí ìgbà tí ike bá kan ìdí ìkòkò gbígbóná. Kò tó ìmí mẹ́ta. Ó gbé ẹ̀rọ kúrò, ojú kan tó tóbi tó kọ́bọ̀ ti di eérú, a ń rí práímà. Kọrọ ni ọ̀dà ti máa ń tín-ín-rín jù, níbẹ̀ náà sì ni gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ ń dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá náà bẹ̀ mí, mo gbà. A kun bọ́nẹ́ẹ̀tì náà látìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì bá ara ọkọ̀ yòókù mu títí di òní.

Kódà níbi tí kò ti jó, ẹ̀rọ ayílójúkan máa ń fi àmì sílẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ kò ní rí i. Tí ọkọ̀ bá bọ́ sínú oòrùn lẹ ó tó rí i bí òjìji tó ń rìn lára rẹ̀, bí epo tó léfòó lórí omi gọ́tà. Ipa etí irun àgùntàn ni. Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: akunkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sáńpépà olómi gé ojú ọ̀dà tuntun kò rí ohun tó yára tó o. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta á di wákàtí kan. Ọwọ́ tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ lè fi ṣe ohun tó jọ idán. Àmọ́ ọwọ́ náà ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Èkejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí eré ọmọdé fún. Ẹ rántí òkòtó. A máa ń fi ìka méjì ta á sílẹ̀, á máa fi orí ara rẹ̀ yí, síbẹ̀ kì í dúró sójú kan, á máa rìn kiri lórí ilẹ̀, á rọra ya òbírípo ńlá bó ṣe ń ya kékeré. Bí ẹ̀rọ olókòtó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Fóòmù ẹnu rẹ̀ ń yí, àárín rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń rìn yí ibòmíràn po. Horo kọ́ḿpáǹdì kan kì í gba ipa kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ooru kì í kó jọ sójú kan, òjìji epo yẹn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni èyí. Tí ẹ bá tẹ òkòtó lórí, á dúró. Ẹ̀rọ yìí náà nìyẹn: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, fóòmù kò ní yí mọ́, á kàn máa gbọ̀n, kò sì ní gé nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń fi gègé dúdú fa ilà kan sí ẹ̀yìn àwo tí fóòmù lẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ń rí ilà náà tó ń yí, ọwọ́ wọn rọ̀ tó. Tó bá dúró, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí ilà yẹn, ohùn ìyá mi àgbà ni mo gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.

Àwọn olókòtó náà kì í ṣe ọgba. Porter-Cable 7424XP tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, mìlímítà 8 péré ni òbírípo rẹ̀ fẹ̀. Rupes, ilé iṣẹ́ ará Ítálì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milan lọ́dún 1947 (ọdún kan náà pẹ̀lú ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì), ló fi BigFoot fẹ òkòtó lójú: ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 15, èkejì 21. Òkòtó tó ń rìn jìnnà máa ń tètè parí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù àti òrùlé bọ́ọ̀sì, ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tó ní gegele, nídìí iná ọkọ̀ tàbí ìdí dígí ẹ̀gbẹ́, ó máa ń tètè kú. Mìlímítà 15 ló mọ ọ̀nà méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Èyí tí Flex ará Jámánì ń ṣe, 3401 VRG, yàtọ̀ pátápátá: eyín irin ló ń lé òkòtó tirẹ̀, torí náà bí ẹ tẹ̀ ẹ́ kò ní dúró. Ó ń gé bí ayílójúkan, ó ń rìn bí òkòtó. Ooru rẹ̀ sì ju ti àwọn òkòtó lásán lọ, ọwọ́ á máa ta èèyàn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ o, torí Nàìjíríà la wà. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi 7424XP ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Houston. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí fọ́ltì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí wọ́n ṣe tì í bọ iná, èéfín jáde, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ lo tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, tàbí kó kúkú ra èyí tí wọ́n kọ 220 sí 240 sí lára. Ẹ yí i padà, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó, pàápàá tó bá jẹ́ ọjà Alaba lẹ ti rà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni jẹnẹrétọ̀. Makita ńlá tí mo ń sọ ń gba wáàtì tó lé ní 1000. Kékeré onípetiróòlù-àti-ọ́ìlì tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé e. Rupes mìlímítà 15 jẹ́ wáàtì 500. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agboòrùn nínú Close kan níbi tí wọ́n ti mú iná lọ láti àná, ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti pinnu.

Mo ti pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ, àmọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ìpín gan-an. Irun àgùntàn ló ń gé jù. Fóòmù líle tẹ̀ lé e. Fóòmù rírọ̀ ló wà fún dídán ìkẹyìn. Kọ́ḿpáǹdì dà bí ata tí wọ́n ń lọ: àwọn oríṣi kan wà tí horo wọn ń fọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tí wọ́n fi máa ń kúnná sí i fúnra wọn, torí náà ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ kúrò kíákíá ti fi ata wóróworo sílẹ̀ lójú ọlọ. Ẹ ṣe é níbi tí oòrùn kò dé. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ọ̀sán ti yan, kọ́ḿpáǹdì á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Dídán tí ẹ rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ lè má jẹ́ dídán. Pọ́líìṣì olóróró kan wà tó ń di kòtò fún ìgbà díẹ̀. Tí ẹ bá fọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òwú aláǹtakùn á padà. Ẹ tọrọ àyè, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó ní sípírítì díẹ̀ nu ojú kékeré kan, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an lẹ ó rí.

Èmi ti yan tèmi. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, olókòtó mìlímítà 15 ni kó rà, pẹ̀lú fóòmù rírọ̀ àti kọ́ḿpáǹdì tó kúnná, kó sì kọ́kọ́ dán an wò lójú kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bí ibẹ̀ bá ti dáa, kó má wá líle kún un. Akunkọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lè má lè fi ayílójúkan sílẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kó fi olókòtó parí iṣẹ́ náà ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Àwa tó ń fọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí bàkẹ́ẹ̀tì di méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún fífi fóòmù ṣan, kí ti táyà sì dá wà. Tí ìyẹn bá di àṣà ní Festac, ẹ̀rọ kankan kò ní í ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé ayílójúkan nìkan ni ọ̀gá yín ní, ẹ má bá a jà. Ẹ ra tẹ́ẹ̀pù bébà ti àwọn akunkọ̀ fún un, kẹ́ ẹ ní kó fi bo gbogbo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn kó tó tan iná sí ẹ̀rọ náà.